Òjò Tí Àwáwù Fi Igbá Bò

Ràmọ́nì, àgbẹ̀ ará Àgọ́-Àrẹ, kì í fi iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ ṣeré. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ, sídìí agolo tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ láti máa fi wọn òjò. Yóò wo inú rẹ̀, yóò sì kọ iye omi tó bá bá níbẹ̀ sínú ìwé. Òyìnbó Máàkù láti Jámánì àti Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran láti Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979. Oṣù mẹ́ta gbáko, òdo ló ń kọ. Àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Olójò, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ orúkọ náà dùn mọ́ ọn kọjá bó ṣe ń jẹ́wọ́.

Máàkù náà ń retí òjò. Inú àgọ́ ló ń sùn, oòrùn ti bó o nímú, ó sì ti mọ iyán jẹ ju onílé lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò padà sí Jámánì. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Ràmọ́nì wà lóko nígbà tí òjò dé. Òjò ọ̀hún kì í ṣe kékeré!

Ó sáré wálé, ó rin gbingbin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ẹ̀yìnkùlé. Yéè! Igbá ńlá ló bo agolo lórí, òkúta sì wà lórí igbá. Inú agolo gbẹ táútáú.

"Àwáwù! Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá Yẹ̀kínì," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Mo ń kó iṣu tí mo sá sóòrùn wọlé, mo wá ní kí ohun àlejò má baà tutù."

Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Obìnrin tó rí òjò tó ṣú, tí kò bo ohun tó wà níta, ẹ mú un wá kí n rí i!

Àwáwù rí ojú ọkọ rẹ̀, ó tọ́ka sí ìkòkò tó kún lábẹ́ òṣòòrò. "Ẹ bù nínú èyí sí i. Ṣebí òjò kan náà ni?"

Ràmọ́nì bu omi sífe, ó dúró. Bí ó bá sòótọ́, wọ́n lè hú agolo wọn gbé lọ sí ìlú Tẹ̀dé, Bàbá Olójò sì parí nìyẹn. Bí ó bá purọ́, ta ni yóò mọ̀? Ó da omi nù, ó mú pẹ́ńsù: "Òjò rọ̀ gan-an. Igbá wà lórí agolo. N kò mọ iye rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ògúndìran ka ọ̀rọ̀ náà fún Máàkù. Òyìnbó rọra jókòó lórí àpótí. Àánú rẹ̀ ṣe Ràmọ́nì, ẹ̀rù sì ń bà á. Máàkù wá gba ìwé, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, òdo lójú ewé gbogbo. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Ògúndìran sì túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ó ní ẹ má bínú. Ó ti ń rò ó pé bóyá ẹ kì í tilẹ̀ dé ìdí agolo, pé ẹ kàn ń jókòó sílé kọ òdo ni. Ó ní pẹ̀lú òótọ́ tí ẹ kọ yìí, òun gba gbogbo òdo náà gbọ́ wàyí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bá òun mójú tó agolo náà lọ."

"Háà! Èmi tí mò ń jí lójoojúmọ́!" Inú bí Ràmọ́nì, àmọ́ ayọ̀ rẹ̀ borí ìbínú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ wo agolo níṣojú wọn, ó padà wá, ó sì kọ òdo.