Ọmọ Pupa àti Ìtẹ́ Ẹyẹ ní Ajido

Òórùn ẹja yíyan ló ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ sí Ajido. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè, ilé ìyá kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ni mo háyà yàrá sí. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, ìwọ náà rántí, àwọn òyìnbó sì ń la ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Ìyàwó ọmọkùnrin ìyá onílé mi a máa gbé ẹja lọ tà fún wọn ní Gbaji. Nígbà tó bímọ, ọmọ náà pupa bí epo, bẹ́ẹ̀ tọkọtaya náà dúdú. Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbé e. Ó ní kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, kí ìyàwó náà máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lórí igi tó tẹ̀ sórí omi lẹ́yìn ààrò ìyá, àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan pamọ síbẹ̀. Wọ́n jọ lékèélékèé, àmọ́ àwọ̀ wọn ṣú bí òjò tó fẹ́ rọ̀. Mo pe ìyá àti ọmọkùnrin rẹ̀ wá wo ìtẹ́ náà.

“Ọ̀kan funfun nínú wọn,” ni ìyá wí. “Ta ló gbé ọmọ lékèélékèé síbẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó gbé e síbẹ̀, Ìyá. Ẹ ṣáà máa wò.”

Ẹyẹ dúdú kan bà, ó pọ ẹja sí ọmọ funfun náà lẹ́nu. Èkejì dé, òun náà dúdú, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ìdajì àwọ̀ ẹyẹ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Dúdú lè bo funfun mọ́lẹ̀ fún ìran púpọ̀, àmọ́ kò pa á, títí ẹyẹ méjì tí funfun sápamọ́ sí lára yóò fi pàdé, tí wọn yóò sì bí ọmọ funfun.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ ò ríṣẹ́ ṣe! Ẹyẹ lẹ fẹ́ fi gbèjà obìnrin?”

“Àwọ̀ ènìyàn díjú ju ti ẹyẹ lọ, Ìyá. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ta ló pupa rí nínú ìdílé yín?”

“Kò sí.”

“Màmá,” ni ọmọkùnrin rẹ̀ wí, “ìyá yín tó kú sí Àjàṣẹ́ ńkọ́? Ṣebí Ìyá Pupa ni gbogbo wa ń pè wọ́n.”

Ìyá ń yí ẹja tí kò nílò yíyí. Nígbà tó yá, ó fọ èéfín kúrò lọ́wọ́, ó wọlé, ó sì gbé ọmọ náà.

Ìyá kò bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀ rárá. Ìyàwó náà ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ló ní, “Tíṣà, ká ní ìyá Màmá ò pupa ńkọ́?”

Mo dá a lóhùn pé ọmọ náà ì bá ṣì jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, torí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró dìgbà tí a bá rántí rẹ̀. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò parí ẹ̀kọ́ nípa bí àwọ̀ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí wá rí láìsọ fún àwọn ọmọ pé àìmọ̀ wa kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.