Ẹ̀jẹ̀ Tí Kókó Orí Mi Ń Mu

Ẹsẹ̀ òsì mi ló kọ́kọ́ dà mí. Mo ń gbé ọkọ̀ ọ̀gá wọ ọgbà iléeṣẹ́ wa ní Borokiri, mo fẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ kò rí i. Kílọ́ọ̀ṣì wà níbi tó ti ń wà láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ mi ni kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ fi imú gbá ògiri. Mo ní bàtà ló yọ̀. Nígbà tó di pé ife tíì ń bọ́ lọ́wọ́ òsì mi, tí orí sì ń fọ́ mi láràárọ̀ bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú láti inú, n kò rí bàtà dá lẹ́bi mọ́.

Àwòrán orí tí wọ́n yà fún mi nílé ìwòsàn fi kókó kan hàn lápá ọ̀tún ọpọlọ mi, apá tó ń darí òsì ara. Dókítà, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní irú kókó kan máa ń rọra dàgbà, irú mìíràn máa ń sáré dàgbà. Èyí tó ń sáré sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fẹ́ mọ irú tèmi. Wọ́n á gbé mi wọnú MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ti oògùn kan sí iṣan apá mi, oògùn náà á bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sórí, ẹ̀rọ á máa ya àwòrán léraléra láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kókó náà ṣe pọ̀ tó.

Dírẹ́bà ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mu epo. Mo bá rò ó pé bí táńkì bá gbẹ, kí ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ mu? Fún ọjọ́ mẹ́rin n kò fẹnu kan ẹ̀fọ́ úgwù, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ìyàwó mi rà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Elekahia ló ń mu ún. Omi gan-an, mo kàn ń fi kan ètè ni. Ìyàwó mi rò pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n jẹun. Ó jàre.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, èmi àti ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti aago méje. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò jẹ́ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ wá iṣan lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì, ó wá a lẹ́yìn ọwọ́.

"Papa, all your vein don hide," ló wí. "You no dey drink water?"

Ìyàwó mi wo ojú mi, ó wá wo ètè mi tó ti sán.

"Bàbá Dàpọ̀, kí lẹ ṣe fún ara yín?"

Mo jẹ́wọ́, àti táńkì àti epo. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú ara ni wọ́n fẹ́ wọ̀n; èyí tí kókó náà ń mu ni wọ́n máa fi wé ti apá kejì ọpọlọ tí ara rẹ̀ le.

"Papa, na one tank the two sides dey use."

Ó ní bí mo ṣe gbẹ yẹn kò dára fún kíndìnrín tó máa sẹ́ oògùn náà jáde. Kí n lọ mu omi, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Ìyàwó mi á bu omi fún mi, á dúró wo ọ̀nà ọ̀fun mi títí omi á fi lọ sílẹ̀. Kò bú mi, bẹ́ẹ̀ èébú ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ̀rọ̀: "Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ yẹn jẹ, ta lẹ wá fẹ́ kó wò yín sàn?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n rí iṣan. Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí n tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rù bá bà mí. Mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Nígbà tí oògùn wọlé, òtútù gba apá mi lọ sókè, mo sì ń bẹ kókó náà, bí ẹni ń bẹ àlejò, pé kó jọ̀ọ́, kó má mu jù.

Kò mu jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti apá kejì lọ. Dókítà ní àmì rere ni, ṣùgbọ́n pé ègé tí wọ́n bá gé níbẹ̀ ló máa sọ òótọ́ tán. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ègé náà jẹ́rìí: èyí tó ń rọra dàgbà ni. Wọn kò lè kó gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ń fi àwòrán ṣọ́ ìyókù.

Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ni mò ń wà báyìí. Bí àyẹ̀wò bá tún ti ń sún mọ́lé, àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n mò ń jẹ úgwù mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara tí mo fẹ́ fi ebi rẹ́ jẹ, tí kò sì bínú. Ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ilẹ̀. Mo máa ń dúró dè é.