Okùn Ojú Ọ̀nà Kuta

Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira nígbà tí ikọ́ àti ibà kan jà káàkiri, tó sì dé Ìwó. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, iyọ̀ ni mò ń tà. Àwọn àgbẹ̀ Kuta ló ń rà á lọ́wọ́ mi jù, èmi náà a sì ra iṣu wọn.

Wolé-wolé ti ọjà pa. Ó ta okùn dábùú ọ̀nà Kuta, ó fi akódà kan ṣọ́ ọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá.

Iyọ̀ kún yàrá mi, kò sí iṣu. Ìyálé mi, tó ń ta èlùbọ́, kò rí oníbàárà kankan. La bá ń tà fún ara wa: èmi ra èlùbọ́, òun ra iyọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí n má bínú, iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ òun ti tó fi se odindi ẹfọ̀n.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé igbá iyọ̀ lọ síbi okùn. Àgbẹ̀ tí mo máa ń bá nájà jókòó ti iṣu rẹ̀ ní òdì kejì. Mo kúnlẹ̀ kí akódà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kọjá. Ó ní òfin kò gba èèyàn láyè. Mo ní iṣu ńkọ́? Ó ronú títí.

“Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ iṣu,” ó ní. “Iṣu kì í wúkọ́.”

Ni àgbẹ̀ bá yí iṣu gba abẹ́ okùn, èmi náà ti igbá iyọ̀ sí i. Akódà kò jẹ́ kí owó kọjá, ó ní a kò mọ ọwọ́ ẹni tó ti dì í mú.

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, gbogbo ìlú ti dé ìdí okùn. A fún mọ́ra ju bá a ṣe ń fún mọ́ra lọ́jà lọ. Ẹnì kan fa ewúrẹ́ wá láti Kuta, ewúrẹ́ náà sín. Akódà so ó mọ́ igi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń já ewé fún un, olówó rẹ̀ sì jókòó lódì kejì, ó ń wò ó.

Wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ dé, ó bèèrè ẹni tó ṣí ọjà. Akódà nàró gbọnrangandan.

“Ẹnikẹ́ni ò kọjá, sà.”

Òótọ́ ni. Wolé-wolé wo ìlà wa lọ títí dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tirẹ̀, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ méjì, tó ń ná ata. Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ọkùnrin náà ní ká fàyè sílẹ̀ láàrin ara wa, kí ìyàwó òun má sì gbàgbé àlùbọ́sà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Àìsàn náà mú èmi náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wúkọ́, ìyálé mi ló ń ro ẹ̀kọ fún mi. Nígbà tí mo fi dìde, wọ́n ti tú okùn, wọ́n ti ṣí ọjà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kún. Aláta agboolé wa kò padà débẹ̀ mọ́. Ata rẹ̀ ti jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì rí owó tó máa fi tún òwò bẹ̀rẹ̀. Ó bá àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ lọ sóko ní Olúpọ̀nnà, ilá ló ń gbìn níbẹ̀.