Eku Kọ́ Ló Ń Jẹ Wáyà Rédíò Wa

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ wáyà rédíò nílé wa ní Apòmù. Wáyà lásán o! Ó kù díẹ̀ kó sọ èmi àti ìyá ọkọ mi di ọ̀tá.

Kàdúná ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí a sọ Mufú lórúkọ tó fi padà síbẹ̀. Kí ọmọ má bàa ṣàjèjì sí òun, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi rán dírẹ́bà kan sí wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Mufú! Ta ló ń sunkún nínú ilé mi?" Lẹ́yìn náà ló wá ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ ṣe máa ń jó!

Ẹ̀rù kan ló ń bà mí. Ọdún Iléyá ni ọkọ mi máa wálé. Ọmọ àbúrò mi sá fún bàbá tirẹ̀ nígbà tó ti ìdálẹ̀ dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti lọ fà á jáde. Ojú ọkùnrin náà ò ṣe é wò! Èmi ò fẹ́ irú rẹ̀ fún ọkọ mi. Torí náà, ìrọ̀lẹ́ tí iná bá ti wà, kásẹ́ẹ̀tì di dandan. Ilé bátìrì rédíò náà ti dípẹtà, iná nìkan ló ń jẹ.

Àfi bí wáyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já! Ọrùn rẹ̀, níbi tó ti wọ inú rédíò, ló máa ń bó, títí wáyà inú á fi yọ síta bí irun àgbàdo. Atúnrédíòṣe wa ní Ìkirè gé ibi tó bàjẹ́ dà nù, ó so ìyókù padà. Kò pẹ́, ó tún já lọ́rùn. Ó tún gé e. Wáyà tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá kúrú bí ìrù ehoro! Orí àpótí la wá ń gbé rédíò lé kó tó lè dé sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìyá ọkọ mi ní eku ni. Wọ́n dẹ pàkúté sẹ́yìn rédíò. Ẹ mọ ohun tó mú? Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi!

Mo kígbe pé, "Màmá, ṣé èmi ni eku yẹn ni?"

"Eku ò lè pariwo tó báyìí," ni wọ́n wí.

Èmi náà ní tèmi lọ́kàn. Màmá ń ra kòkó, gbogbo ohun tọ́wọ́ wọn bá tẹ̀ ni wọ́n ń dì bí àpò kòkó. Tí a bá ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n á fi wáyà wé rédíò yíká, wọ́n á fà á le dan-in dan-in, wọ́n á tì í bọ kọ́bọ́ọ̀dù nítorí olè. Mo ní ìdì yẹn ló ń pa wáyà. Háà! Wọ́n ní ṣé àwọn ló ń fi wáyà fa rédíò kúrò lójú iná bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun?

Òótọ́ ni o. Tí Mufú bá wà lẹ́yìn mi, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọrùn wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ni mo máa ń dì mú, màá sì já a yọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo ara wa níwòkuwò. Iléyá ń bọ̀, wáyà tún ti ń bó, atúnrédíòṣe sì ti ní tí òun bá tún fi lè gé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo ń pọn Mufú, mo fa ọ̀já báyìí, fàà! Ó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá sáré gbá ọmọ mú nídìí. Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, wọ́n gbé ọ̀já náà yẹ̀ wò.

"Ìyá Mufú, wo ọ̀já yìí. Gbogbo ara rẹ̀ ló le koko. Ojú ibi tí o ti ń so ó lójoojúmọ́ nìkan ló gbó."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, àwa méjèèjì kọjú sí rédíò.

Ni ẹ̀rín bá bú jáde! Ibi tí Màmá ti ń ká a ṣẹ́ lálaalẹ́, ibẹ̀ náà ni èmi ti ń fà kí wọ́n tó ká a. Eku ò mọwọ́ mẹsẹ̀ o!

Atúnrédíòṣe gé e, ó kìlọ̀ pé ìkẹyìn nìyẹn. Láti ìgbà náà, Màmá ń ká wáyà jẹ́jẹ́ bí òṣùká, wọ́n á gbé e lé orí rédíò. Èmi náà ń bẹ̀rẹ̀, tọmọ tẹ̀yìn, mo ń di orí pulọ́ọ̀gì mú kí n tó yọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ò sinmi mọ́.

Ọkọ mi dé nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ó na ọwọ́. Mufú wò ó, ó fi igbe ta! Ọwọ́ ọkọ mi rọ wálẹ̀. Ó kàn rọra ní, "Mufú! Ta ló ń sunkún nínú ilé mi?"

Igbe dúró. Ọmọ yìí wo rédíò. Rédíò ò sọ̀rọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Ló bá rá lọ bá a, ó gun itan rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tún ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Màmá ní, "Èyí ò ní wáyà o, má fà á!"

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ibi tí a bá ń tẹ̀, tí a ń fà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú wáyà yín. Ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ìyá ọkọ náà. Kí ló ń ba wáyà jẹ́ nílé tiyín, ta lẹ sì ti dá lẹ́bi rẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa dẹ pàkúté, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wí fún ìyàwó ilé!