Àgùntàn Inú Bíbélì Grandma

Mùsíọ́mù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn awọ ìwé àdúrà kan tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún àdúrà, ya àwòrán sí láyé àtijọ́ ló gbé mi padà sílé Grandma ní Peckham, nílùú òyìnbó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Grandma gbé Bíbélì wọn lé mi lọ́wọ́. "Bá mi ṣí Sáàmù kẹtàlélógún, kó o ya àgùntàn sí i."

"Grandma, sínú Bíbélì?"

"Tèmi ni. Yà á kó hàn."

Mo ya àgùntàn náà, mo sì fi pẹ́ńsù aláwọ̀ wúrà kun irun rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà wọn dé, Grandma ṣí Bíbélì títí wọ́n fi kan àgùntàn náà, wọ́n sì ka Sáàmù náà já láìkọsẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àkọ́sórí ni, pé Grandma ò mọ̀wé kà.

Lọ́jọ́ yẹn, Grandma gbé àwòrán náà sókè. "Ẹ wò ó, ọmọ ọmọ mi ló yà á!"

Orí mi wú.