Ibi Tí Ojú Ayàwòrán Kò Dé

Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà nílé àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ pé, téèyàn bá ṣí i, ògiri ló máa forí sọ. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa ló sọ ọ́ fún mi, ó ní òun yọjú lójú fèrèsé, òun rí i, ó tún búra sí i. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wọ ilé wa, ara mi ò balẹ̀, torí mo mọ ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà dàgbà. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìdajì tó kù, mo gbé e fún Ọlọ́run.

Káfíńtà ni àbúrò mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń kan àga fún aráyé. Ilé ìtajà ńlá kan wà nígboro láyé ìgbà yẹn, tó ń ta gbogbo nǹkan láti orí abẹ́rẹ́ títí dórí ibùsùn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé àwòrán ọjà wọn, kátálọ́ọ̀gì tó nípọn bíi bíríkì, tí wọ́n sì ń pín in láti ilé dé ilé. Àwọn yàrá mèremère inú ìwé yẹn, àbúrò mi ló ń kàn wọ́n fún ayàwòrán. Yàrá ológiri méjì ni, nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé ìtajà. Fèrèsé wà níbẹ̀, gílóòbù ni oòrùn tó ń ràn wọlé. Ẹ̀rọ omi wà, kò sí páìpù nídìí rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn ní, àbúrò mi sì mọ̀ ọ́n ju Òfin Mẹ́wàá lọ: ibi tí ojú ayàwòrán kò bá dé, a kì í fi pákó ṣòfò síbẹ̀.

Èmi náà fẹ́ràn ìwé yẹn, n ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tó bá dé, iṣẹ́ ilé parí nìyẹn. Àwọn ọmọ mi á dùbúlẹ̀ yí i ká. Ọ̀kan á ní òun ló ni kẹ̀kẹ́, èkejì á ní òun ló ni rédíò, wọ́n á sì wọ̀yá ìjà lórí ohun tí bàbá wọn ò ní rà láéláé. Ní ti ìyàwó àbúrò mi, ojú-ìwé kan ṣoṣo ló mú: yàrá aláwọ̀ ewé, àga lẹ́bàá fèrèsé, ibùsùn tí aṣọ funfun bò. Ó ká etí ojú-ìwé náà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ kàn án fún wọn. Ìgbà wo lẹ máa kàn án fún mi?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀."

Ilé ìtajà náà kógbá sílé kí ọdún tó ń bọ̀ ọ̀hún tó dé. Wọ́n da kátálọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ kù sórí ààtàn, àbúrò mi sì ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa owó. Látìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Kátálọ́ọ̀gì.

Lọ́dún yìí, ìyàwó wa yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọmọ wọn obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, wá láti ọ̀nà jíjìn. Kò fi sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bàbá mi, tí ilé yìí bá ṣì rí báyìí nígbà tí wọ́n bá dá màmá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀, wọn ò sì ní padà síbí mọ́."

Àbúrò mi ní òun á tún ilé ṣe. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ayùn àti òòlù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú, títí ó fi ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró síbí." Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sẹ́nu ọ̀nà.

Mo dúró. Yàrá inú ìwé náà gan-an ni! Àwọ̀ ewé, àga, fèrèsé, aṣọ funfun. Omi bọ́ lójú mi, mo ní, "Ọlọ́run, O ṣeun." Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àmì.

Mo fẹ́ fa àpótí abẹ́ tábìlì, kò fà. Ojú àpótí lásán ni wọ́n kàn mọ́ tábìlì, kò sí àpótí kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ṣí i. Ògiri. Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ foríjì mí.

"Níbo ni ilẹ̀kùn yìí ń lọ?"

"Ó wà nínú àwòrán."

"Nínú àwòrán ńkọ́, níbo ló ń lọ?"

"Wọn ò ṣí i nínú àwòrán, Ẹ̀gbọ́n."

Mo wo igi ìdìmú tó wà lára ògiri, èyí tí ìyàwó rẹ̀ máa fọwọ́ tì rìn. "Ṣé ó dúró dáadáa?"

"Ẹ wò ó, kò wọ́ rárá. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé ìyàwó wa dé, òun àti ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀. Àbúrò mi mú un dúró lórí àmì. Obìnrin náà wò, ó wò. Ó ní, "Ojú-ìwé mi nìyí." Ó gbé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ ara òun rìn dé ìdí àga yẹn. Ó di igi ara ògiri mú.

Igi náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbá a mú, kó tó kanlẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù! Bàbá mi, gọ́ọ̀mù lẹ fi lẹ̀ ẹ́?"

"Ìṣó á ba ojú ògiri jẹ́ ni."

"Ta ló fẹ́ fojú ògiri ṣe ìyàwó? Ilé ìwẹ̀ tó gbé màmá mi ṣubú ńkọ́? Kí lẹ ṣe síbẹ̀?"

Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo ti lọ wo ilé ìwẹ̀ náà. Bí alábahun bá rìn níbẹ̀, á yọ̀.

"Ilé ìwẹ̀ ò sí lójú-ìwé yẹn," ó ní.

 

Ìyàwó wa ti jókòó sórí àga, ó gbé igi ìdìmú náà lé itan bí ọmọ jòjòló. "Ó jọ ti inú ìwé, Bàbá ọmọ mi," ó ní. "Ó jọ ọ́ gan-an ni." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bá mi kó aṣọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣó kàn án," àbúrò mi ní. "Lọ́la, mo máa..."

"Ìgbà tí wọ́n bá tún ṣubú lẹ máa kàn án?" Ọmọ náà ti fa báàgì jáde. "Ẹ dá mi lóhùn! Gbogbo ọdún tí màmá mi fi bẹ̀ yín, ṣé ẹ rò pé àwòrán ni wọ́n..."

Àbúrò mi ò dúró gbọ́ ọ parí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó fi bàtà nu ṣọ́ọ̀kì ẹnu ọ̀nà títí kò fi sí mọ́, ó sì jáde lọ, ohùn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.