Agogo Èbúté Hesk Gbọ́dọ̀ Padà Sórí Òpó Rẹ̀

Ralph Thurkettle ti kú. Ọ̀sán gangan ló kú, ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, nínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ èbúté Hesk, níbi tí gbogbo fèrèsé ilé tuntun tó wà ní Orlby ti lè rí i kedere. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi tukọ̀ gbé wa sọdá odò yẹn, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó bọ́ sómi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó kan òun náà pé kí ẹnì kan wá gbé e, ẹnikẹ́ni ò wá.

Káńsù fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Òdòdó ńlá, aláwọ̀ búlúù àti funfun, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé “Sí atukọ̀ wa ọ̀wọ́n.” Atukọ̀ wa? Àwọn wo ni “wa”? Ọ̀wọ́n láti ìgbà wo? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo dúró ti òdòdó náà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe mí bíi kí n gbé e jù sódò. Neville àbúrò mi ló di apá mi mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí etí odò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ralph jẹ́ fún yín. Hesk ni wọ́n bí mi sí. Ṣọ́ọ̀ṣì àti oko ló wà lọ́dọ̀ tiwa. Iléèwé, dókítà àti ṣọ́ọ̀bù wà ní Orlby lódìkejì. Ní àárọ̀, àwa ọmọ Hesk á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, a ó fa okùn agogo tó wà lórí òpó. Ẹ̀ẹ̀kan ni fún èrò lásán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni fún wàhálà. Nísàlẹ̀ agogo, pátákó kan wà tí Ralph fi ọ̀dà funfun kọ fúnra rẹ̀: “Ẹ lu agogo. Bí n kò bá gbọ́, ẹ bọ́ fìlà yín, ẹ máa jù ú yí orí ká. Màá rí yín.” Ó sì máa ń rí wa lóòótọ́. Bí ó bá ń jẹun nílé rẹ̀ ní Orlby, á gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, á wá gbé wa.

“Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Hesk ti dé!” ló máa ń pariwo bí ọkọ̀ bá ti kan àtẹ̀gùn. “Ta ni kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nínú yín? Kí onítọ̀hún bọ́ síwájú, kí omi tètè fọ ojú rẹ̀.”

“Èmi ni,” ni mo máa ń sọ.

“Ìwọ náà ni ṣáá, Lorna! Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà ni?”

“Rárá o. Ọwọ́ yín ti le jù.”

“Ọwọ́ tó le yìí ló ń gbé ọ lọ síléèwé. Jókòó jẹ́ẹ́, má da ọkọ̀ mi dé.” Á wá ki ọwọ́ kan náà bọ àpò, á fún mi ní súìtì míǹtì tó ti lẹ̀ mọ́ òwú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí Neville, kùrukùru bo odò débi pé èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìrọbí mú ìyá mi. Bàbá mi sáré lọ sí èbúté, ó lu agogo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ralph dé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán. Ó gbé ìyá mi sínú ọkọ̀, ó sì sọ fún bàbá mi pé, “Ìwọ má tẹ̀ lé wa. Dúró síbí, kí o máa lu agogo náà, má sinmi. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, mi ò ní ṣìnà.” Bàbá mi lu agogo títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Yàrá ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́bàá ilé dókítà ni wọ́n bí àbúrò mi sí, wọn ò tilẹ̀ tíì bọ́ kóòtù lọ́rùn ìyá mi. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwa méjèèjì ń pariwo agogo kiri ìlú, ẹ má sọ pé a ya wèrè.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni káńsù fòpin sí ọkọ̀ náà. Wọ́n rán ẹnì kan wá tó fi ọ̀pá wọn ọkọ̀ Ralph, ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ìka mẹ́ta kéré sí ohun tí òfin fẹ́. Ìka mẹ́ta! Odò ò ráhùn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọ̀pá ló wá ráhùn. Wọ́n ní kí á máa gba orí afárá. Afárá ọ̀hún sì rèé, máìlì mẹ́tàdínlógún ni téèyàn bá yí i ká, bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ ò sì pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n wá tú agogo, wọ́n ṣí pátákó kúrò lára òpó, wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú wọn ni.

Ralph kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́. Ẹni tó mọ ìtumọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta á mọ ohun tó ń sọ. A bá gbogbo ìwé náà nínú páànù bisikíìtì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ohun tó ń sọ fún wọn nìyẹn. Ó ní àwọn àgbà mélòó kan ní Hesk ṣì ń dá tukọ̀ wá gba oògùn ní Orlby, pé bí nǹkan bá ṣe wọ́n létí omi, kí ni wọn yóò fi pe èèyàn? Èsì káńsù rèé, mo kọ ọ́ bí mo ṣe bá a: “Bí agogo bá wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú lè máa retí ọkọ̀ tí kò sí mọ́, èyí sì lè fa ewu.”

“Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni Neville wí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé báyìí?”

Nínú lẹ́tà kejì, Ralph ní ó dáa, ẹ mú agogo, ẹ ṣáà dá pátákó padà, kí àwọn àlejò lè mọ àmì fìlà. Wọ́n ní àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ò rí èsì rárá.

Ìtọ́jú tí wọ́n wá tọ́jú agogo ńkọ́? Ẹ lọ sí ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ fúláàtì tuntun ní Orlby, èyí tí wọ́n pè ní Ilé Atukọ̀. Agogo wa ló wà lókè káńtà níbẹ̀, wọ́n ti dán an, ó ń kọ mànà. Ẹni tó bá jẹ àwo ìṣáwùrú ńlá tán, wọ́n á lu agogo fún un, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ Ralph sọ orúkọ ilé, wọ́n fi agogo rẹ̀ ṣeré, àmọ́ yàrá tí òun ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ògiri ló dojú kọ fèrèsé rẹ̀. Kò lè rí odò láti ibẹ̀.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Hesk ni wọ́n sin Doreen ìyàwó rẹ̀ sí, ọdún mẹ́fà rèé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ralph ń tukọ̀ lọ kí i, ó ń tu koríko, ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa ń fi yanrìn fọ àtẹ̀gùn èbúté ní Sátidé, kí ewé omi má bàa hù sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e, ó ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àfi ìgbà tí ìwé dé pé kò ní àṣẹ láti fọ àtẹ̀gùn káńsù. Káńsù wá fọ̀ ọ́ bí? Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn náà lónìí, ẹ di ara yín mú dáadáa o.

Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti yọ̀ nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Doreen. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, omi òkun tó máa ń kún wọ inú odò sì ti ń padà bọ̀. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí òpó agogo. Nígbà tí omi fà padà, a ṣì rí ipa ibi tó wọ́ gbà lórí ẹrẹ̀, a rí ẹrẹ̀ ìka rẹ̀ lára òpó, níbi tí okùn máa ń rọ̀ sí. Kò sí okùn. Ó wá ṣe ohun tó kọ́ gbogbo wa. Ó bọ́ fìlà, ó ń jù ú yí orí ká.

Wọ́n sì rí i! Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Philippa Straker, tó kó dé Orlby ní ọdún tó kọjá, jókòó ti fèrèsé ilé oúnjẹ náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá sílé mi fúnra rẹ̀, kò lè mu tíì tí mo gbé fún un.

“Mo rí i, Lorna,” ló wí. “Ó ń ju fìlà. Mo sọ fún ọkọ mi pé, ‘Wo bàbá yẹn, ó ń kí wa.’ Àwa méjèèjì dìde, a juwọ́ sí i.”

“Ṣé ó dáwọ́ dúró?”

“Rárá. Ó túbọ̀ ń jù ú ni. Mo ní inú bàbá yìí mà dùn o. Mo tún yà á ní fọ́tò.” Ó na fóònù sí mi. “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? Kí ló dé?”

Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n dá obìnrin yìí lóhùn? Mi ò lè bínú sí i. Ó rí àgbàlagbà kan, ó kí i, ọmọlúàbí ni. Pátákó tí ì bá kọ́ ọ ni wọ́n gbé jù sí yàrá ẹrù káńsù. Èmi tí mo mọ àmì náà láti kékeré ńkọ́? Mo ti ra mọ́tò, mo ń gba orí afárá, ó ju oṣù kan lọ tí mo ti wo èbúté náà kẹ́yìn. Mo dá ara mi lẹ́bi, mo sì ṣì ń dá ara mi lẹ́bi.

Ẹni tó wádìí ikú náà kọ ọ́ pé jàǹbá ni. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Aldous, alága káńsù, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ìyáàfin,” ló wí, “ẹ má fi ìbànújẹ́ ṣe òṣèlú.”

“Agogo dà?”

“Agogo wà lábẹ́ ààbò.”

“Ẹ fẹ́ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ Ralph?”

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní wọ́n ń dúró de òun níbì kan.

Ó dáa. Àwa náà ń dúró. A fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú agogo, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ewu yẹn. A fẹ́ mọ ẹni tó gbé ohun ìní èbúté fún ilé oúnjẹ, kí ó sì wá ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, kì í ṣe nínú lẹ́tà. Ẹ fọ àtẹ̀gùn. Kí oṣù karùn-ún tó pé, kí agogo ti wà lórí òpó rẹ̀, nítorí àgbà mẹ́rin ṣì ń dá tukọ̀ láti Hesk wá gba oògùn, mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti pátákó, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Èmi àti Neville ti fi ọ̀dà funfun kọ òmíràn, a sì ti kàn án mọ́ òpó lánàá láìgba àṣẹ. Ẹ wá mú wa.

Títí agogo yóò fi padà, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lẹ́bàá fèrèsé, ẹ máa wo òdìkejì. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó bọ́ fìlà, tó ń jù ú yí orí ká, ẹ má juwọ́ sí i. Ẹ dìde, kí ẹ lọ gbé e.